Ṣé “tannoy” ibùdó ọkọ̀ ojú irin náà ni Bàbá Ìbejì rà wálé?

Ìbéèrè kan wọlé láti West Norwood, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí n máa pe òun ní Ìyá Ìbejì. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń kéde fún èrò, ‘tannoy’ ni gbogbo wa ń pè é, àti òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Lóṣù tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ mi lọ ra sípíkà méjì, àgbà sípíkà, lọ́wọ́ ìdílé kan tí bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Owó gidi ni wọ́n san. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀yìn àpótí rẹ̀, wọ́n rí i pé Tannoy ni wọ́n kọ sára sípíkà náà, ìdérí rìbìtì kan tó ní àwọ̀ wúrà ló sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní, ‘Ṣé sípíkà ibùdó ọkọ̀ lẹ wá gbé wọlé ni?’ Àwọn náà ò rí èsì fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́ Tannoy? Ṣé wọ́n rẹ́ ọkọ mi jẹ ni? Ṣé ohun tí wọ́n fi ń kéde pé ọkọ̀ ti pẹ́ náà la fẹ́ máa fi gbọ́ orin nílé?”

Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò rẹ́ wọn jẹ. Mo mọ àwọn tó ti ń wá irú ohun tí wọ́n gbé wọlé yẹn fún ọdún pípẹ́ tí wọn ò tíì rí i. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún sípíkà ṣe, ní Èkó kí n tó débí, àti níbí náà. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo tí n óò máa gbọ́ títí lọ, irú èyí tó wà ní pálọ̀ yín yẹn ni n óò nawọ́ sí.

Ilé iṣẹ́ kan náà ni. Tannoy tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ ẹ̀rọ ìkéde, òun náà ló ṣe sípíkà yín. Ṣùgbọ́n sípíkà yín kì í ṣe sípíkà ìkéde. Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn: orúkọ wọn gbajúmọ̀ débi pé ó bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ tannoy nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni Tannoy ṣe tó fi yẹ kí ayé máa rántí rẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ni wọ́n á nàka sí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín látìbẹ̀rẹ̀, pàápàá nítorí pé àdúgbò yín gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Títì kan wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tulsemere Road. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì 68 láti Camberwell, tó kọjá Herne Hill àti Tulse Hill, tó wá ń bọ̀ lórí Norwood Road, kò jìnnà sí i mọ́. Ní 1926, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Guy Fountain bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú gáréèjì kan níbẹ̀. Orúkọ títì náà ló fi sọ iṣẹ́ rẹ̀, ó pè é ní Tulsemere Manufacturing Company. Kì í ṣe sípíkà ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ohun tí wọ́n fi ń ṣájì bátìrì ni.

Ọdún mẹ́rin péré ni BBC nígbà náà, nítorí 1922 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Rédíò ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ò tíì wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ibi tó ti wọ̀ pàápàá, kò rí bákan náà. Àdúgbò kan á ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀, irú èyí tó ń wọ ilé wa lónìí. Àdúgbò mìíràn á ní iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì. Bátìrì ni rédíò ayé ìgbà yẹn ń lò, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ bátìrì olómi kíkan, bíi ti mọ́tò, tí wọ́n ṣe sínú ìgò. Tó bá ti kú, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá wọn ṣájì rẹ̀, wọ́n á sanwó, wọ́n á tún padà lọ gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ oníṣájì rí nígbà tí NEPA múná lọ, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí yín.

Fountain wò ó pé ilé tó bá ti ní iná, kí ló dé tí onílé á tún máa gbé bátìrì rìn láàárín ìlú? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lè ṣájì bátìrì, nítorí ohun tó bá gbé wá nígbà tó ń lọ ni yóò gbà padà nígbà tó ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba inú nǹkan kan kọjá tí yóò jẹ́ kó lọ tí kò ní jẹ́ kó padà, bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta tí kì í ṣí sínú. Rectifier ni àwa oníṣẹ́ ń pe nǹkan náà. Èyí tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ wà nínú ṣájà fóònù yín lónìí. Nígbà ti Fountain, irin méjì nínú omi kíkan ni. Tantalum ni ọ̀kan, òjé tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn ni èkejì. Bí tantalum bá ti wà nínú omi yẹn, ó máa ń hu awọ kan tó fẹ́lẹ́ gan-an, awọ yẹn ló sì ń dènà iná nígbà tó bá fẹ́ padà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Fountain wo irin méjèèjì tó ń bọ́ ọ yìí. Ó mú orí tantalum, ó mú ìrù “alloy”, èyí tí òyìnbó ń pe irin àpòpọ̀, ó so méjèèjì pọ̀, ó di Tannoy. Orúkọ títì tó kọ́kọ́ ń jẹ́ ò pẹ́ tó fi wábi gbà. Mo fẹ́ràn kí n máa sọ èyí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, pé orúkọ tí gbogbo ibùdó ọkọ̀ ń pè láràárọ̀ yìí, ohun tó wà nínú ìgò omi kíkan lórí tábìlì gáréèjì ló ti wá.

Ẹni tó bá ń ta ohun èlò rédíò kò ní pẹ́ kó tó débi sípíkà. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, Tannoy ti ń ṣe máìkì, ampilifáyà àti sípíkà ìkéde. Wọ́n wá ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Canterbury Grove, ní West Norwood náà. Ogun Hitler ló sì gbé wọn dé ibi tí orúkọ wọn fi kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹ rò ó wò: pápá ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóru, ìbòòrí ọkọ̀ níhìn-ín, yàrá oúnjẹ lọ́hùn-ún, àwọn tó ń tún ẹ̀ńjìnì ṣe wà nínú ọkọ̀ lẹ́bàá igbó, ibùsùn àwọn awakọ̀ sì jìnnà sí gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ pe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tẹlifóònù ò ṣe é, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ ò lè yá tó. Ìwo sípíkà tí wọ́n gbé kọ́ ara òpó àti ara ògiri ló ń ṣe é. Ohùn kan á jáde, gbogbo wọn á gbọ́. Orúkọ tó wà lára ìwo yẹn ni Tannoy, nítorí náà àwọn ọmọ ogun ò sọ pé àwọn gbọ́ ìkéde, wọ́n ní àwọn gbọ́ tannoy. Nígbà tí ogun parí, tí oníkálukú padà sílé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé iṣẹ́, ọsibítù, ilé ìwé àti àgọ́ ìsinmi etí òkun. Ó wọnú ìwé atúmọ̀ èdè. Kódà ó di ọ̀rọ̀ ìṣe, wọ́n á ní àwọn fẹ́ “tannoy” ẹnìkan, ìyẹn ni pé àwọn fẹ́ fi sípíkà pè é.

Àwa Yorùbá náà mọ̀ bí irú rẹ̀ ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ta ló tún ń rántí pé orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ni Okada, kí alùpùpù tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ rán ọmọ ní Omo, ó lè gbé ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú mìíràn wá, ẹ ò sì ní bá a wí. Ẹni tó ń béèrè bírò ò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni, orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n ṣe gba Tannoy náà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ náà ò gbà á bẹ́ẹ̀ láìjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń kọ̀wé sí àwọn oníwèé ìròyìn pé orúkọ àwọn ni, pé kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má fi pe sípíkà ẹlòmíràn. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti dẹ́nu àwọn ènìyàn, kò sí lẹ́tà tó lè dá a padà.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ẹ ń lò níbi iṣẹ́ kò tilẹ̀ ní orúkọ Tannoy lára rárá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Èyí tó ní orúkọ náà lára wà nílé yín.

Ó wá kù ká sọ ohun tó wà nínú àpótí yín.

Ní 1947, ọdún méjì lẹ́yìn ogun, Tannoy mú sípíkà kan jáde tí wọ́n pè ní Dual Concentric. Ronnie Rackham ni orúkọ ẹlẹ́rọ tó ṣe é. Kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń bọlá fún ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìṣòro tó kojú.

Sípíkà kan ṣoṣo kò lè gbé gbogbo ohùn dáadáa. Èyí tó máa gbé ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kí ó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Èyí tó máa gbé ohùn òkè gbọ́dọ̀ kéré, kó fúyẹ́, kó lè yára mì. Nítorí náà, wúfà fún ohùn ìsàlẹ̀ àti tuwítà fún ohùn òkè la máa ń lò, méjèèjì nínú àpótí kan, tuwítà lókè, wúfà nísàlẹ̀. Ohun tí a kì í fẹ́ sọ fún oníbàárà ni pé ibi méjì ni ohùn ń gbà jáde nígbà náà. Ẹ wo ìyáàlù. Bí onílù bá fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, awọ á sọ̀rọ̀, ṣaworo etí ìlù á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibì kan náà ni méjèèjì ti ń wá, lábẹ́ apá ẹnìkan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lórí sípíkà oníbi méjì, inú wúfà lọ́pọ̀ ohùn awọ ti ń jáde, inú tuwítà ni ti ṣaworo. Ìlù kan ti di méjì, ọ̀kan jókòó lé èkejì lórí. Bí ẹ bá jìnnà tó, etí á rò wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò mọ̀.

Ibi tó burú jù ni ibi tí wúfà ti ń fi ohùn lé tuwítà lọ́wọ́, tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ ohun kan náà. Ẹ mú ohùn tó ń mì ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígùn ìgbì rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34. Bí ibi tí wúfà wà sí etí yín bá fi sẹ̀ǹtímítà 17 jìn ju ibi tí tuwítà wà lọ, bí ọ̀kan bá ti ń ti afẹ́fẹ́ ni èkejì á máa fà á. Wọ́n á pa ara wọn. Dìde dúró, ohùn á yàtọ̀. Jókòó, á tún yàtọ̀. Ohùn ènìyàn sì wà ní àgbègbè yẹn gan-an.

Ohun tí Rackham ṣe ni pé ó kó méjèèjì sójú kan. Wúfà rẹ̀ tó íǹṣì 15 ní fífẹ̀. Ẹ̀yìn òòfà wúfà yẹn ló gbé tuwítà sí, ó wá la ihò gba àárín òòfà náà já. Inú ihò yẹn ni ohùn òkè ń gbà, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, bí ìwo, títí tó fi yọ láàárín pépà wúfà, ìyẹn pépà tó ń mì níwájú rẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́. Ibi tí mo ti ń kan sáárá sí i nìyí: níbi tí ìwo irin parí sí, pépà wúfà fúnra rẹ̀ ló gba iṣẹ́ ìwo náà ṣe. Dídà tí pépà dà bọ̀ níwájú, òun ló ń bá fífẹ̀ ìwo náà lọ. Ohùn òkè jáde láti àárín gbùngbùn ohùn ìsàlẹ̀. Awọ àti ṣaworo padà di ìlù kan.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ ìtàn náà tán. Ní Amẹ́ríkà, Altec Lansing ti ṣe sípíkà tí tuwítà rẹ̀ wà láàárín wúfà kí ogun tó parí. Ṣùgbọ́n tiwọn, ìwo tuwítà dá dúró síwájú pépà, ó yọ síta bí ìmú. Èrò pé kí pépà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹnu ìwo, ti Tannoy ni. Ẹ sì rántí ìwo orí òpó ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ìwo tó ń fi ohùn la ariwo ẹ̀ńjìnì kọjá lọ́jọ́ ogun, irú rẹ̀ kékeré ló wá wà láàárín sípíkà orin yín yìí. Nítorí náà nígbà tí ẹ béèrè bóyá ohun ibùdó ọkọ̀ lẹ gbé wálé, ẹ ò jìnnà sí òtítọ́ tó bí ẹ ṣe rò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú ọ̀kan wò, mo dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín pépà. Nísàlẹ̀ ihò náà, mo rí irin kan tí wọ́n lu sára bí ojú asẹ́, ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò yíká ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dán. Gbogbo ohùn òkè tó ń dún nínú sípíkà ràgàjì yẹn, inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn ló ń gbà kọjá. Wọ́n lu wọ́n bẹ́ẹ̀ kí ohùn tó wá láti etí tuwítà àti èyí tó wá láti àárín rẹ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ irin ni, ṣùgbọ́n ó rán mi létí ojú ọnà ara igbá fínfín.

Àwọn tó ń gbohùn sílẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ rírì rẹ̀. Ẹni tó jókòó sí yàrá kékeré níwájú sípíkà, tó fẹ́ mọ̀ bóyá máìkì sún mọ́ akọrin jù, kò lè lo sípíkà tó ń yí ohùn padà bó bá ti mi orí. Decca lò ó nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Decca yìí náà ni ilé iṣẹ́ tó gbé àwo I. K. Dairo àti Ebenezer Obey jáde fún wa nílé. “Monitor” tí Tannoy fi ń pe sípíkà náà, iṣẹ́ àyẹ̀wò ohùn ni wọ́n fi ń tọ́ka sí.

Wọ́n ń tún un ṣe bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọ̀ ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Dúdú ló bẹ̀rẹ̀, fàdákà tẹ̀lé e, pupa dé ní ìparí àwọn ọdún 1950, wúrà dé ní 1967. Ìdí rèé tí inú mi fi dùn nígbà tí ẹ mẹ́nu kan àwọ̀ wúrà. Monitor Gold ni tiyín, àárín 1967 sí 1974 ni wọ́n sì ń ṣe é. Ní ìgbà pupa, ampilifáyà onígò ló wọ́pọ̀, 15 ohms, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, ni wọ́n ṣe sípíkà náà láti bá a mu. Nígbà wúrà, transistor ti dé, wọ́n sọ ọ́ di 8 ohms. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ampilifáyà tí ẹ bá rà lónìí ló lè gbé e láìsí wàhálà.

Bàbá Ìbejì lè máa ṣe kàyéfì pé àpótí náà ò ní orúkọ níwájú. Kó má kó wọn lọ́kàn sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra sípíkà nìkan, tí wọ́n á ní kí káfíńtà kan àpótí fún àwọn. Tannoy náà ń ṣe àpótí, ó sì ní èyí tí ènìyàn fi ń yangàn. Fountain kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ọ̀kan tí wọ́n fi hàn ní New York ní 1953, Autograph ni wọ́n pè é, bí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé. Igun yàrá ni wọ́n ń gbé e sí, ọ̀nà tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀ lọ́ kọ́rọkọ̀rọ kó tó jáde síta. Ní Jápáànì, àwọn tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní bí ohun ìdílé.

Ìtàn ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìyẹn, n óò yára kọjá rẹ̀, nítorí kò sí ohùn nínú rẹ̀. Ní 1974, Fountain fẹ̀yìn tì, ó tà á fún Harman ti Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn ọdún yẹn ni iṣẹ́ kúrò ní West Norwood lọ sí Coatbridge, ní Scotland. Nígbà tí Harman bọ́ sọ́wọ́ Beatrice Foods, ilé iṣẹ́ oúnjẹ ló wá ni Tannoy fún ìgbà díẹ̀. Ní 1981, àwọn ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ kó owó jọ, wọ́n rà á padà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe sípíkà kan ní ìrántí Fountain, wọ́n pè é ní GRF Memory, lẹ́tà mẹ́ta yẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ní 1987, wọ́n da pọ̀ mọ́ Goodmans, ilé iṣẹ́ sípíkà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Ní 2002, wọ́n bọ́ sábẹ́ TC ti Denmark. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Uli Behringer ra gbogbo rẹ̀ pátá. Ìròyìn tó jáde ní 2016 pé wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́ Coatbridge ba ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọwọ́ tó gbà kọjá yẹn, kò sí ọ̀kan tó jáwọ́ nínú Dual Concentric. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà wá gba ọ̀nà tó jọ ọ́. KEF ti Maidstone gbé tuwítà sí ọrùn pépà wúfà ní 1988, nígbà tí òòfà neodymium jẹ́ kí tuwítà lè kéré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, ó sì dára. Rackham ti fi ọdún mọ́kànlélógójì ṣáájú wọn.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé báyìí. Sípíkà tó wà ní pálọ̀ yín, kí wọ́n tó kó iṣẹ́ lọ sí Scotland ni wọ́n ti ṣe é. West Norwood ni. Ó ti rin ibi tó rìn fún àádọ́ta ọdún ó lé, ó wá padà sí àdúgbò tí wọ́n ti bí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ba irú rẹ̀ jẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń tún un ṣe.

Àkọ́kọ́ ni òòfà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, ohun yòówù kó sọ. Òòfà ayé ìgbà yẹn, alnico, irú irin àpòpọ̀ kan, ni wọ́n fi ṣe é. Bí irin tó yí i ká bá wà níbẹ̀, agbára rẹ̀ á pẹ́ títí. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò láàárín irin yẹn, á pàdánù nínú agbára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, títò ó padà kò sì ní dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹnìkan gbé Gold kan tọ̀ mí wá nígbà kan tí oníṣẹ́ kan ti tú bẹ́ẹ̀, ó ní òun fẹ́ nu eruku inú rẹ̀. Pépà rẹ̀ mọ́ tónítóní, skúrù rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti àìsàn bọ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá rẹ̀ ló fi jogún fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan etí pépà. Bó bá jẹ́ oní-íǹṣì 15 bí mo ṣe rò, pépà líle tí wọ́n ká wọ́nwọ́n ni etí rẹ̀, kì í ṣe fóòmù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé Gold ní 1974, HPD, fóòmù ni wọ́n fi ṣe etí tirẹ̀, fóòmù yẹn sì máa ń jẹrà di lẹ́búlẹ́bú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí wọ́n bá yín fi rọ́bà tuntun pààrọ̀ etí tiyín kó lè rọ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tì ilẹ̀kùn. Líle rẹ̀ wà nínú ìṣirò ẹni tó ṣe é.

Ẹ óò tún rí bọ́tìnì méjì tí a fi ń ṣe ohùn òkè, lára àpótí kékeré tó ń pín ohùn fún wúfà àti tuwítà. Ọ̀kan ń sọ bí yóò ṣe pọ̀ tó, èkejì ń sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kí iná tó wọlé, ẹ rọra yí wọn lọ, ẹ yí wọn bọ̀, bí ìgbà ogún, kí ìdọ̀tí ẹnu wọn lè ṣí. Bó bá ṣì ń hó, àwọn kapásítọ̀ inú àpótí kékeré yẹn ti darúgbó. Ìyẹn ṣeé pààrọ̀, kò sì wọ́n.

Ẹ gbé wọn kúrò lára ògiri díẹ̀, ẹ kọjú wọn díẹ̀ sí ibi tí ẹ ń jókòó sí. Kí Bàbá Ìbejì wá wá àwo tó ní ìyáàlù gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà lù. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀, kò yẹ kó pariwo. Kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ di ojú, kí ẹ máa tẹ̀lé ṣaworo. Ẹ fi sí ọ̀tún nìkan, kí ẹ gbọ́. Ẹ fi sí òsì nìkan, kí ẹ gbọ́. Bí ṣaworo bá ń dún ketekete níhà kan, tó wá dà bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó níhà kejì, tuwítà ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń kú lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ìdérí wúrà náà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan skúrù.